Afẹ́fẹ́ Inú Yàrá Wa: Ohun Tí Ara Wa Ń Tú Síbẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ fún àpéjọ àwọn olùkọ́, àwọn aṣáájú ìjọ, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn onílé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi ibi díẹ̀ tí mo tún ṣe kí ó lè rọrùn láti kà.

Èkìtì kete, mo kí yín o. Ẹ̀yin aṣojú Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin olùkọ́ tó yọ̀ǹda ọjọ́ ìsinmi yín, ẹ̀yin ìyá wa tó ti ọjà wá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, àga ṣì wà níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má ti ilẹ̀kùn yẹn o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ wá. Àwa la máa ń yọjú sí ìdí àmù, tí à ń wo ṣáláńgá, tí à ń béèrè ibi tí ẹ ń da ìdọ̀tí sí. Òfin ní ká wo fèrèsé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó bá wa jà lórí fèrèsé rí bí wọ́n ṣe ń bá wa jà lórí àmù. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, fèrèsé kò já mọ́ nǹkan. Bẹ́ẹ̀, èèyàn lè gbààwẹ̀ ọjọ́ púpọ̀, ó lè fara da òùngbẹ ọjọ́ kan. Ìṣẹ́jú mélòó ló lè lò láìmí? Afẹ́fẹ́ ni mo wá bá yín sọ lónìí, kì í sì í ṣe ti ìta tí ọkọ̀ ń tú èéfín sí. Ti inú yàrá ni, èyí tí a ti ilẹ̀kùn mọ́, tí èmi àti ẹ̀yin jọ ń mí símú.

Kí ló ń ti ara wa jáde?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí a bá gbá yàrá kan, tí a nu ògiri rẹ̀, tí a fi Izal fọ ilẹ̀ rẹ̀, tí a wá ní kí ẹnì kan ṣoṣo lọ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ṣé afẹ́fẹ́ yàrá náà á ṣì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀?

Mo rí ẹ̀yin tó ń mi orí. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Oregon, ní Amẹ́ríkà, ṣe irú àyẹ̀wò yìí, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Wọ́n fi èèyàn sínú yàrá tí wọ́n ti sọ di mímọ́, wọ́n sì ń gba afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yẹ̀ wò. Kí wákàtí mẹ́rin tó pé, kòkòrò àìfojúrí tó ti ara onítọ̀hún jáde ti pọ̀ débi pé wọ́n lè fi dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Jíjókòó lásán ni wọ́n jókòó o.

Ṣáájú ìgbà náà, ní 2012, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Yale gbé ẹ̀rọ wọn lọ sínú kíláàsì kan. Wọ́n wo afẹ́fẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣófo, wọ́n tún wò ó nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi àbùdá àwọn bakitéríà kà á, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú kíláàsì náà ń fi nǹkan bí mílíọ̀nù 37 kún afẹ́fẹ́ ní wákàtí kan. Mílíọ̀nù 37! Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ro ti kíláàsì yín, tí ọmọ mẹ́ta ń há mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì kan.

Níbo ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá? Apá kan ti ara awọ wa. Awọ ara kì í yé bó. Òkè rẹ̀ ń re, tuntun ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rún rẹ̀ ń fò lọ pẹ̀lú ohun tó bá wà lórí rẹ̀. Apá kan ti ara aṣọ àti irun. Púpọ̀ sì wà tó ti balẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹsẹ̀ wa ń ru sókè bí a ṣe ń rìn. Lẹ́yìn náà ni ti ẹnu àti imú, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù lọ. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú àwọn ihò tóóró tó wà lọ́nà ẹ̀dọ̀fóró. Bí ihò náà bá pa dé tó tún ṣí, omi yẹn á já, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, èémí á sì gbé e jáde. A kò tíì wúkọ́, a kò tíì sín. Mímí lásán ni. Bí a bá sọ̀rọ̀, ó ń pọ̀ sí i. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 láti Yunifásítì California tó wà ní Davis fi hàn pé bí ohùn ẹni bá ṣe ń lọ sókè ni ẹ̀rún tó ń tẹnu rẹ̀ jáde ń pọ̀ tó, àti pé àwọn kan wà tí tiwọn pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, tí kò sì sí ohun tí a lè fojú rí lára wọn tó fa á.

Èyí tó tóbi nínú wọn á jábọ́ sílẹ̀ nítòsí. Èyí tó kéré kì í tètè balẹ̀. Omi ara rẹ̀ á gbẹ lójú ẹsẹ̀, á fúyẹ́, á máa fò kiri yàrá fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó tú u jáde lè ti dé ilé rẹ̀, kí tirẹ̀ ṣì wà nínú yàrá.

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè máa sá fún ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tú jáde kò pa ẹnikẹ́ni lára; ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa àti wọn ti jọ ń gbé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọjọ́ tí àrùn bá wà nínú èémí ẹnì kan, ọ̀nà kan náà yẹn ló ń gbà jáde, afẹ́fẹ́ kan náà yẹn ló sì ń gùn.

Wọ́n ya abọ́ sọ́tọ̀, wọn kò ya afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí ikọ́ ife. Orílẹ̀-èdè wa ni aláìsàn ikọ́ ife pọ̀ sí jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2023 nìkan, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 èèyàn ló ní in káàkiri ayé, àwọn tó sì kú lé ní mílíọ̀nù kan.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n pè wá sí ilé kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjerò. Bàbá àgbà ilé náà ti ń wúkọ́ láti oṣù mélòó kan. Ó ti rù kan eegun, òógùn sì máa ń rin aṣọ rẹ̀ lóru. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbìyànjú ní ìwọ̀n òye wọn: wọ́n ya abọ́ bàbá sọ́tọ̀, wọ́n ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ àjẹkù rẹ̀. Bàbá ń dá jẹun bí àlejò nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ó sì ń dùn ún dọ́kàn. Mo wá béèrè pé, “Bàbá, ta ló ń bá yín sùn?” Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló dáhùn pé ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ni, kó lè máa bu omi fún wọn lóru.

Mo wọ yàrá náà. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti kàn án pa nítorí olè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi rò ó. Abọ́ tí kì í kó ikọ́ ife ran ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n ń sá fún. Èémí tó ń kó o ran, wọ́n tì í mọ́ ọmọ kékeré kan lóru mọ́jú. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, ọmọ náà ti kó o. Àwọn méjèèjì lo oògùn wọn pé, ara wọn sì yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ yẹn lo oògùn kankan rárá.

Nítorí náà, kí n sọ ọ́ kó yé gbogbo wa. Ikọ́ ife kì í ṣe àrùn àjogúnbá. Kì í ṣe àsàsí. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Robert Koch ti sọ ọ́ ní Berlin, ní Jámánì, pé bakitéríà ló ń fà á. Abọ́, síbí, ọwọ́ bíbọ̀, kò sí èyí tí a ń gbà kó o nínú wọn. Inú afẹ́fẹ́ ló wà.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Bàbá wolé-wolé, ẹ̀rí wo lẹ ní?” Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ̀rí náà wá láti ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Láti 1934 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ William Wells ti ń sọ pé ẹ̀kán itọ́ tó bá gbẹ lè máa fò kiri inú ilé, àwọn ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Nígbà tó di àárín ọdún 1950 sí 1960, òun àti Dókítà Richard Riley gba wọ́ọ̀dù kan ní ọsibítù àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì, wọ́n kó àwọn tó ní ikọ́ ife síbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá fa afẹ́fẹ́ yàrá wọn lọ sókè, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹran kéékèèké kan sí, àwọn tó jọ ẹmọ́, tí wọn kò ní ìrù, tí òyìnbó ń pè ní guinea pig. Àwọn ẹran yìí kò rí aláìsàn kankan sójú. Wọn kò bá wọn jẹ nínú àwo kan náà. Afẹ́fẹ́ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, àwọn ẹran náà ń kó ikọ́ ife, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú afẹ́fẹ́ yẹn kan náà gba àárín iná ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí tó ń pa kòkòrò àrùn, kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ agbo ẹran kejì. Nínú agbo yẹn, kò sí ẹyọ kan tó kó o. Wọ́n tún rí i pé aláìsàn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹni tó bá wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó má jókòó sílé máa mu àgbo. Kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀fẹ́ ni oògùn, oṣù mẹ́fà sì ni ọ̀pọ̀ ń fi lò ó. Ẹ fún un ní oúnjẹ nínú àwo ilé. Ẹ ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀.

Orin, ìṣọ́ òru àti kíláàsì

Ẹ rántí ọdún 2020. Ẹ rántí rọ́bà omi tó ní ẹ̀rọ nídìí, tí a gbé sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Ọwọ́ fífọ̀ dára, mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yín, kò sì sí bí a ṣe lè dènà onígbáméjì láìsí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún náà, ní àgbègbè Skagit, ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà. Àwọn akọrin 61 péjọ láti kọ́ orin fún wákàtí méjì ààbọ̀. Wọ́n fún wọn ní ọṣẹ ìpawọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò dì mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn ti ń ṣe òtútù díẹ̀díẹ̀, kò sì mọ̀ pé kòrónà ni. Nígbà tí wọn yóò fi kà á tán, àwọn 53 ni àìsàn náà wà lára wọn, tàbí tí gbogbo àmì fi hàn pé òun ni. Méjì kú.

Kí ló ran wọ́n? Ohùn orin ni, nínú gbọ̀ngàn kan, fún wákàtí méjì ààbọ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn onímọ̀ 239 kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ìlera àgbáyé pé kí wọ́n jẹ́wọ́ pé afẹ́fẹ́ ń gbé àrùn yìí. Ẹ̀yin mọ̀ bí ata ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń dín in ní kíṣìn: ẹni tó wà ní yàrá kẹta á máa sín, ojú rẹ̀ á máa ṣomi, láìsúnmọ́ ìdí iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí. Bí fèrèsé bá wà ní títì, fífi mítà méjì jìnnà síra ẹni kò tó.

Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ àti ẹ̀yin ààfáà, mi ò ní kí ẹ má kọrin, mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà sókè. Akọrin lèmi náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìṣọ́ òru tí a fi ilẹ̀kùn tì pa láti aago mẹ́wàá alẹ́ di ìdájí, tí a ń pariwo àdúrà nínú rẹ̀, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, gbogbo wa la máa ń há mọ́ ilé, ìgbà yẹn gan-an la sì máa ń ti fèrèsé.

Ti èéyi, tí wọ́n ń pè ní mísùsù ní ọsibítù, tún burú ju ti ikọ́ ife lọ. Ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí ọmọ tó ní in ti kúrò níbẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó sì súnmọ́ ọn, ó lè mú mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní oṣù kẹsàn-án àti ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gba ti àkọ́kọ́, tí wọ́n á gbàgbé èkejì. Ẹ má gbàgbé o.

Fáànù kì í ṣe fèrèsé

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀, nítorí àṣìlóye pọ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá wọ yàrá kan láti ìta, tí ooru ara àti òórùn èémí kọ lù yín, imú yín ti sọ òótọ́ fún yín: afẹ́fẹ́ tó ti inú ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn jáde ni ẹ fẹ́ máa mí. Kí ni a máa ń ṣe? A ó tan fáànù. Fáànù kò mú nǹkan kan wọlé láti ìta, èyí tó wà nílé ló ń rú káàkiri. Bí fèrèsé bá ṣí, ó wúlò gan-an, nítorí á máa ti afẹ́fẹ́ jáde. Bí fèrèsé bá wà ní títì, ó ń pín in fún gbogbo èèyàn ni. Ẹ̀rọ amúlétutù tí a máa ń gbé kọ́ ògiri náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ yàrá ló ń fà, tó ń mú tutù, tó tún ń dá padà fún yàrá. Mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn ìjọ tó fi owó ńlá rà á láti gbọ́ èyí. Lọ́fíńdà àti ohun tí à ń fín sílé kàn ń bo òórùn náà mọ́lẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1858, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Max von Pettenkofer ní ìlú Munich, ní Jámánì, ti wọn gáàsì tí à ń mí jáde, tí òyìnbó ń pè ní carbon dioxide, láti fi mọ bí afẹ́fẹ́ yàrá ṣe rí. Ó ní bí a bá pín afẹ́fẹ́ yàrá sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí gáàsì yìí ju 1,000 lọ nínú rẹ̀, yàrá náà kò dára mọ́. Níta gbangba lónìí, bí 420 ni. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́n ti wà, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lágbára lè ra ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n èyí tó wú mi lórí jù wá láti ìlú Lima, ní Peru, ilẹ̀ tí kò lówó bíi ti Amẹ́ríkà. Ní 2007, wọ́n tẹ èsì àyẹ̀wò yàrá 70 ní ọsibítù mẹ́jọ jáde. Níbi tí wọ́n ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yàrá ń pààrọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 28 ní wákàtí kan. Níbi tí ẹ̀rọ olówó gọbọi ti ń ṣe é, ìgbà 12 ni. Àwọn yàrá tó sì ṣe dáadáa jù ni àwọn tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1950, tí àjà wọn ga, tí fèrèsé wọn fẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé gbogbo ti àtijọ́ ló dára. Yàrá àwọn bàbá ńlá wa ní ilẹ̀ Èkìtì ṣókùnkùn, fèrèsé wọn ò tó nǹkan. Ohun tó gbà wọ́n ni àgbàlá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀; ìta ni wọ́n ń gbé, oorun nìkan ló ń mú wọn wọ yàrá. Àwa ti kó tẹlifíṣàn, oúnjẹ, iṣẹ́ àti ìpàdé wọnú yàrá, a sì ti ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí àpáta Olósùnta bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ta ló ń jẹ́ kó wọlé?

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ọmọ tó kọ́kọ́ dé kíláàsì ní àárọ̀ ṣí gbogbo fèrèsé, ti ọ̀tún àti ti òsì. Bí àkókò eré bá tó, kí gbogbo wọn jáde, kí yàrá ṣófo. Ẹ̀yin tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Adó tàbí Àkúrẹ́, ẹ bẹ àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì kí wọ́n ṣí i díẹ̀, àgàgà bí ẹnì kan bá ń wúkọ́. Ẹni tó ń wúkọ́ fúnra rẹ̀, kó fi ìbòmú bo ẹnu àti imú. Ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀, ìfẹ́ ọmọnìkejì ni.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ẹ̀fọn ńkọ́, olè ńkọ́? Òótọ́ ni. Ẹ̀fọn ń pa ọmọ wa ju ohun púpọ̀ lọ, mi ò sì ní fi àrùn kan ra òmíràn fún yín. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, ẹ fi irin dè é lóde, kí ẹ tó ṣí i. Nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dí kò yàtọ̀ sí ògiri, nítorí náà ẹ máa fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Fèrèsé alúmínì tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gbòde báyìí, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Bí ẹ bá fà á lọ sọ́tùn-ún, ọ̀tún ti dí nìyẹn. Èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ń fún yín ní gbogbo ihò tí ẹ sanwó rẹ̀. Bíríkìlà á sọ fún yín pé fèrèsé méjì ti tó yàrá kan. Ẹ ní kó fi ọ̀kan kọjú sí èkejì, kó má kó méjèèjì sí ojú ògiri kan, kí èyí tó wọlé lè rí ọ̀nà jáde. Kò náni ní nǹkan bí ògiri ò tíì kọjá ìdí fèrèsé. Bí ẹ bá ti rẹ́ ẹ, tí ẹ kùn ún lọ́dà tán, ó di kí ẹ fọ́ ọ. Mo ṣì wà níbí títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, tí àwòrán ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbé e wá, ká jọ wo ibi tí afẹ́fẹ́ á gbà wọlé àti ibi tí á gbà jáde.